Ẹṣin Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀ Ju Mẹ́rin Lọ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn torí pé àga ò kárí. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí béèyàn ṣe ń wo àwòrán àwọn ọ̀gá ayàwòrán àtijọ́, mo wá rò ó pé tí mo bá ní kí n sọ gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí níbí, ẹ jẹ́ n mú nǹkan kan ṣoṣo. Ẹṣin ni mo mú. Ẹṣin àti ẹni tó gùn ún, bí Leonardo da Vinci, ọ̀gá ayàwòrán ará Ítálì, ṣe yà á sórí pépà kékeré.

Ẹ yọ fóònù yín síta, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Pépà tí mò ń wí yìí, gígùn ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ìbú ẹ̀ ò sì pé 8, ìyẹn ni pé fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín gùn jù ú lọ. Ẹṣin kan, ẹnì kan lórí ẹ̀, ó tán. Ní oṣù Keje ọdún 2001, wọ́n gbé e jáde ní gbànjo Christie's ní London, ó sì lọ ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn. Fún ogún ọdún gbáko, kò sí skẹ́ẹ̀ṣì Leonardo míì, ìyẹn àwòrán téèyàn fi ń gbìyànjú, tó tà jù ú lọ ní gbànjo, àfìgbà tó di oṣù Keje 2021 tí orí béárì kan tóun náà yà, tí ò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lóròó àti níbùú, wá fi díẹ̀ kọjá ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń wọlé, wọ́n ní “Àbúrò, kí ló wà nínú pépà yẹn gan-an?” Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó mọ́ látìsinsìnyí lọ, torí owó kì í jẹ́ kéèyàn ríran dáadáa, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ mílíọ̀nù, ojú yín á máa wá wúrà nínú àwòrán. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá ni ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń yà á ti yí èrò padà. Ibi tó ti fa ìlà kan, tó wò ó, tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, tó tún fa òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà pé gbogbo ẹwà skẹ́ẹ̀ṣì wà, ibẹ̀ náà sì ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá torí wọ́n rò pé àṣìṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tó fi yà á. Kì í ṣe pẹ́ńsù o. Nígbà tí wọ́n fi máa rí lẹ́ẹ̀dì dúdú gidi tó wà nínú pẹ́ńsù wà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Leonardo ti kú tipẹ́. Wáyà fàdákà ni, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ ẹnu igi, tí wọ́n wá gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó ṣóńṣó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn fi fàdákà ha pépà lásán, kò ní kọ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun pépà náà. Egungun ni wọ́n ń jó fún un. Cennino Cennini, ayàwòrán ará Ítálì tó gbé ayé ṣáájú Leonardo, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé egungun itan àti apá adìyẹ dáa fún un, pé bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe dáa tó, kí wọ́n jù ú síná títí á fi funfun ju eérú lọ, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á wá pò ó mọ́ àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè, wọ́n lè fi àwọ̀ sí i, búlúù tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi kun pépà, ó di kó gbẹ.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo kó egungun adìyẹ ìbílẹ̀ tá a jẹ lọ́jọ́ ọdún, mo tò ó sórí ẹ̀yinná títí ó fi funfun bí ẹfun, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wá bá wa ni. Mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, mo sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ, mo pò ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pépà líle lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń sá a láàárín ìkínní àti ìkejì. Alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ló bá mi gé wáyà, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wáyà yẹn kan pépà, gbogbo ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Kì í yọ̀ bíi báírò, ó máa ń jẹ pépà díẹ̀díẹ̀, ẹ á máa mọ̀ ọ́n lára láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, ìlà tó ń fi sílẹ̀ sì dà bí èéfín tó ń lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ibì kan ṣókùnkùn, àfi kẹ́ ẹ fa òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tún fa òmíì, kẹ́ ẹ tún fa òmíì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlà tó dà bí eérú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń di àwọ̀ kòkó, bó ṣe máa ń ṣe yẹtí fàdákà tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Nǹkan tó wá ká mi lára jù níbẹ̀ ni pé kò ṣeé pa rẹ́. Kò sí írésà tó ń gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin tí mo yà kúrú, mo rí i pé ó kúrú, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i ju kí n ya òmíì lé e lórí, kí n sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa wò mí. Ọjọ́ yẹn ni ojú mi là sí Leonardo. Ẹ rò ó wò: ẹṣin ò ní dúró fún yín, ìrù ẹ̀ ń lọ, etí ẹ̀ ń yí, ó ń fi pátákò lu ilẹ̀, ẹ sì wá mú nǹkan tí kò ṣeé pa rẹ́ lọ́wọ́, ẹ fẹ́ fi mú u. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àṣìṣe ò lè sún mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ tún wo òjìji ara ẹṣin náà, àwọn ìlà kéékèèké tó tò síra bí eyín yàrì. Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tó bá ń fa ìlà kíá-kíá, ìlà ẹ̀ á máa ti apá òsì nísàlẹ̀ gun apá ọ̀tún lókè. Ẹ gbé ìka sókè, ẹ dán an wò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣé. Ti Leonardo máa ń ti apá òsì lókè wá bọ́ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyẹn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò tí wọ́n bá gbé àwòrán kan dé pé tiẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé nílé wa wọ́n á gbá ọmọ lọ́wọ́ tó bá fi òsì gba nǹkan, mo mọ ìdí ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó fi ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un yà.

Kí ló tiẹ̀ gbé Leonardo dé ìdí ẹṣin nígbà yẹn? Ní oṣù Kẹta ọdún 1481, ọmọ ọdún 28 ni, àwọn mọ́ǹkì ilé San Donato a Scopeto tó wà lẹ́yìn odi ìlú Florence gbéṣẹ́ fún un, kó ya bí àwọn amòye ṣe wá kí ọmọ náà Jésù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbí Jésù, ibùjẹ ẹran ló máa wá sí i lọ́kàn, màlúù kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Leonardo ro tiẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: àwọn ẹni ńlá tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n á fi rìn wá. Ló bá kó ẹṣin sí ẹ̀yìn àwòrán náà, ẹṣin tó ń dìde, ẹlẹ́ṣin tó ń kọlu ẹlẹ́ṣin, nígbà tí ìyá àti ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ níwájú. Ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn ni wọ́n gbà pé pépà tí wọ́n tà ní 2001 jẹ́. Ọ̀kan tó dà bí ìbejì ẹ̀ wà ní Fitzwilliam Museum ní Cambridge, ẹnì kan lórí ẹṣin tó na ẹsẹ̀ iwájú sókè, wáyà ló kọ́kọ́ fi yà á sórí pépà tí wọ́n kùn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá mú kálámù àti íǹkì, ó fi tún un tọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Wáyà ni ìgbà tó ṣì ń wádìí, íǹkì ni ìgbà tó ti rí ohun tó ń wá, méjèèjì sì wà lójú pépà kan náà tẹ́ ẹ lè fi ojú tọ̀ ọ́.

Kò parí àwòrán ńlá náà o. Ní nǹkan bí ọdún 1482 ó kó lọ sí Milan, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wà ní Uffizi, ilé àkójọ àwòrán ní Florence, títí dòní, àwọn alátùn-ún-ṣe sì fi ọdún bíi márùn-ún fọ̀ ọ́ láti 2012 sí 2017.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró pẹ́ lórí èyí tó kàn, torí ó jẹ́ ọ̀kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ, òun náà ni mo sì fi sọ ọ̀rọ̀ mi lórúkọ. Ó wà lára àkójọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Windsor, nǹkan bí ọdún 1503 sí 1504 ló yà á, ṣọ́ọ̀kì pupa ló fi yà á, pépà náà ò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹṣin kan dìde, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wá ka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn. Ọ̀kan, méjì, òmíì tún nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òmíì tún rèé tó tẹ̀ síwájú ju tàkọ́kọ́ lọ. Orí ẹ̀ náà, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí kò bá dúró wò ó á ní ìdọ̀tí ni, tàbí kó ní ọmọdé kan ló fi ṣeré. Ẹni tó bá dúró fún ìṣẹ́jú méjì péré á rí i pé ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mi ò sọ àsọdùn, ó ń mì, torí ojú yín ò mọ èyí tóun máa dì mú nínú àwọn ẹsẹ̀ yẹn, ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì, bí ojú ṣe ń bọ́ láti orí èyí sórí èyí ni ẹranko yẹn ń gbé ìdí, tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún ń nawọ́. Ó ní kí ló dé tí kò fi mú pépà míì. Ìbéèrè gidi ni, ọmọ mi. Pépà wọ́n nígbà yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ mi ò rò pé ìyẹn nìkan ni. Tó bá mú pépà míì, ẹsẹ̀ tí kò dáa yẹn á lọ, kò sì fẹ́ kó lọ, torí ẹsẹ̀ tí kò dáa ló ń júwe ibi tí èyí tó dáa máa wà fún un. Leonardo fúnra ẹ̀ sọ ọ́ nínú àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀ fún àwọn ayàwòrán, pé kí wọ́n má kánjú la gbogbo ẹ̀yà ara gàdàgbà nígbà tí wọ́n ṣì ń gbìyànjú, pé ṣé wọn ò wo àwọn akéwì ni, bí akéwì ṣe ń kọ ewì, kì í wá bí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ṣe máa rẹwà, kì í sì dùn ún láti fagi lé ìlà kan kó lè kọ èyí tó sàn jù ú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya pépà sọ nù gbàrà tí imú èèyàn tẹ́ ẹ yà bá wọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ogun ló fẹ́ fi ẹṣin yẹn yà. Ìjọba Florence ní kó ya ogun Anghiari sára ògiri gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ nínú Palazzo Vecchio, ogun tí wọ́n jà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1440, tí Florence borí Milan. Wọ́n tún pe Michelangelo, ọ̀gá ayàwòrán míì, pé kó ya ogun míì sínú gbọ̀ngàn kan náà, ẹ wo irú ọdún tí ìlú yẹn rí. Kò sí èyí tó parí nínú méjèèjì. Leonardo dán ọ̀nà ìkun-ògiri tuntun kan wò, kò bá a mu, lónìí a ò rí nǹkan kan lára ògiri yẹn mọ́, ohun tá a fi mọ bí àárín àwòrán náà ṣe rí ni èyí tí àwọn ẹlòmíì dà kọ, irú èyí tí ayàwòrán Rubens tọ́wọ́ bọ̀ tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Louvre ní Paris.

Àmọ́ àwọn pépà ìmúrasílẹ̀ ṣì wà. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé, ó ya orí ẹṣin tó ń bínú, ó ya òmíì, ó wá ya kìnnìún tó ń ké ramúramù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ya ọkùnrin kan tóun náà ń pariwo, gbogbo wọn lójú pépà kan. Ètè ẹṣin náà ká sókè, eyín ẹ̀ hàn, ihò imú ẹ̀ fẹ̀, awọ imú ká jọ. Ẹ bo orí ẹṣin mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọkùnrin yẹn, kẹ́ ẹ wá ṣí i. Ojú kan náà ni. Ìbínú kan náà ló wọ inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ni nǹkan tó ń wádìí, ohun tí ogun ń sọ èèyàn dà. Mo ti lo pépà yẹn kọ́ àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, kì í sì í sú mi.

Ẹ má sì rò pé bó ṣe ń yà á pẹ̀lú ìgboyà yẹn, kò mọ ẹṣin ni. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó ń fi nǹkan wọ̀n ọ́n. Nígbà tó wà ní Milan lọ́dọ̀ Ludovico Sforza tó ń ṣàkóso ìlú náà, wọ́n ní kó fi idẹ rọ ẹṣin ńlá kan fún ìrántí Francesco, bàbá Ludovico. Leonardo wọ inú ilé ẹṣin àwọn ọlọ́lá lọ, ó ń wọn ẹsẹ̀, ó ń wọn àyà, ó ń kọ iye ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kódà ó kọ ẹṣin tó jẹ́ síbẹ̀, pé èyí ni ẹṣin Sicily ti Messer Galeazzo. Ìtóbi ẹ̀yà kan sí èkejì, láti orúnkún dé pátákò, gbogbo ẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Ní 1493 amọ̀ tó fi mọ ẹṣin náà dúró nígbangba ní Milan, ó ga ju mítà 7 lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ludovico kó idẹ tí wọ́n ti tò jọ fún un, nǹkan bí àádọ́rin tọ́ọ̀nù, ó fi ránṣẹ́ sí àna ẹ̀ Ercole d'Este pé kó fi rọ ìbọn àgbá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé sì gba Milan ní 1499, àwọn tafàtafà wọn fi ẹṣin amọ̀ yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń tafà. Ó dùn mí títí dòní. Idẹ di ìbọn, amọ̀ wó, pépà tó tinrin jù nínú gbogbo ẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún wa.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan lórí ojú. Ojú èèyàn ò lè mú ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń sáré. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún làwọn ayàwòrán fi ń ya ẹṣin tó ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú tó nà gbọọrọ síwájú àti ti ẹ̀yìn tó nà gbọọrọ sẹ́yìn, bí ẹni tó fò lé odò, títí ayafọ́tò kan, Eadweard Muybridge, fi to kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìsáré ní California ní ọdún 1878, tó yà ẹṣin ní fọ́tò tẹ̀léra-tẹ̀léra. Fọ́tò yẹn fi hàn pé ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ká jọ sábẹ́ ikùn. Leonardo ò ní kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ojú ibi tó yẹ kí ẹyọ kan wà, ó ń sọ òótọ́ nípa ohun tí ojú ẹ̀ rí àti ohun tí ojú ẹ̀ ò rí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún ìyẹn.

Kí ẹ má báa ní òun nìkan ni mo mọ̀, Albrecht Dürer ará Jámánì ya ẹlẹ́ṣin kan ní 1498, ó wà ní ilé àkójọ àwòrán Albertina ní Vienna, íǹkì àti àwọ̀ olómi. Ọkùnrin yẹn wọ ìhámọ́ra, ó di ọ̀kọ̀ mú, ẹṣin ẹ̀ dúró gbagidi, Dürer sì kọ ọ́ sókè pé bí ìhámọ́ra ṣe rí ní Jámánì nígbà náà nìyí. Ọdún 15 lẹ́yìn náà ó lo ẹlẹ́ṣin yẹn nínú àwòrán tó fín sára kọ́pà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ Dürer ti mọ ibi tó ń lọ kó tó mú kálámù, ẹ ò ní bá a níbi tó ti ń ṣiyèméjì, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wò ó, tí mo máa ń yìn ín, tí mo sì máa ń padà sọ́dọ̀ Leonardo.

Màmá kan ń bi mí níwájú níbí pé ère ẹlẹ́ṣin tiwa ńkọ́, tí ẹṣin kéré tí ẹni tó gùn ún tóbi, ṣé àwọn tó gbẹ́ ẹ ò mọ ẹṣin ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n, Mà. Ọ̀yọ́ tó fi ẹṣin jagun, ta ló máa sọ pé kò mọ ẹṣin. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, ọ̀kan wà ní Metropolitan Museum ní New York, ẹlẹ́ṣin wà lórí ẹ̀, ẹṣin ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́ṣin jókòó gàgàrà. Ẹni ni agbẹ́gilére ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ipò ẹni, orí ẹni, ẹṣin kàn ń gbé ọlá ẹ̀ ni. Leonardo ní tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ agbára tó wà lábẹ́ ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ló fi máa ń jẹ́ pé nínú skẹ́ẹ̀ṣì ẹ̀, ẹni tó gun ẹṣin lè jẹ́ ìlà mẹ́rin péré, kẹ́ ẹ sì rí gbogbo iṣan itan ẹṣin. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń dáhùn.

Bí àwọn pépà yìí ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n yára sọ ọ́. Leonardo kú ní Amboise nílẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1519, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ ẹ̀ Francesco Melzi, Melzi tọ́jú wọn bí ojú. Lẹ́yìn ikú Melzi, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Pompeo Leoni tó jẹ́ oníṣẹ́ ère, òun ló lẹ̀ wọ́n mọ́nú ìwé ńlá, ìwé náà dé ọwọ́ Earl ti Arundel, ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ó sì ti wà lọ́wọ́ ìdílé ọba kó tó di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwòrán. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ pépà. Ní 2019, tó pé 500 ọdún tó kú, wọ́n kó 144 nínú wọn lọ sí ìlú 12 lẹ́ẹ̀kan náà, méjìlá-méjìlá níbì kọ̀ọ̀kan, Cardiff, Belfast, Glasgow, Leeds, títí lọ, lẹ́yìn náà wọ́n kó èyí tó lé ní 200 jọ sí Queen's Gallery ní London.

Mo wà ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, mo sì lọ. Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú ilé aláìsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin ẹ̀ débi tí èémí mi fi bò ó, mo ní láti dúró kó gbẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ìyá ẹ̀ ń fà lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ, kò lọ, ó ń fi ìka ka ẹsẹ̀ ẹṣin, ó ka mẹ́ta, ó ka mẹ́rin, ó dé márùn-ún, ó gbójú sókè wo ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò.

Ó ku nǹkan kan. Nínú àwọn pépà Windsor yẹn, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọdún 1481 náà ni, fún iṣẹ́ àwọn mọ́ǹkì kan náà tí mo ti ń sọ bọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ lásán, òfìfo ni, pépà tí wọ́n kùn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó parí. Wọ́n wá gbé e sábẹ́ iná ultraviolet, irú iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, ọwọ́ èèyàn bá kún ojú pépà náà, ọwọ́ tó ká, ọwọ́ tó nà, ìka tó tẹ̀ mọ́ra. Ìwádìí fi hàn pé kọ́pà ló pọ̀ nínú wáyà tó fi yà á, ju fàdákà lọ, kọ́pà yẹn ló sì yí padà tí ojú ò fi rí i mọ́, àmọ́ gbogbo ìlà tó fà ṣì wà níbi tó fà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń pa iná? Ẹ bá mi pa ti iwájú yìí, kí n fi fọ́tò ẹ̀ hàn yín.